Níbo Làwọn Ọmọ Mi Wà? Fíìmù ọdún 1916 kan nínú pálọ̀ wa ní Mọ́lété

Fíìmù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí kì í sọ̀rọ̀. Ọdún 1916 ni wọ́n ṣe é ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ẹ̀rọ ayàwòrán ò tíì lè gba ohùn pọ̀ mọ́ àwòrán. Where Are My Children? lorúkọ ẹ̀. Ọkọ kan ló ń bi ìyàwó ẹ̀ léèrè pé níbo làwọn ọmọ òun wà. Oyún ṣíṣẹ́ lọ̀rọ̀ tó wà nídìí ìbéèrè yẹn, láyé ìgbà tó jẹ́ pé ẹni tó bá fi ìwé tó dá lórí ìfètòsọ́mọbíbí ránṣẹ́ ní póòsì lọ́hùn-ún lè ti ibẹ̀ dèrò ẹ̀wọ̀n.

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wa ní kí n wá bá àwọn ọmọge sọ̀rọ̀, mo wá ń ka ìtàn Margaret Sanger, obìnrin Amẹ́ríkà tó jà fún ìfètòsọ́mọbíbí, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí pé nọ́ọ̀sì bíi tèmi lòun náà. Lọ́dún 1914 wọ́n gbé e re kóòtù nítorí ìwé ìròyìn tó ń tẹ̀ jáde, ló bá sá lọ sí Ìlú Ọba. Nígbà tó padà dé, ìjọba pa ẹjọ́ ọ̀hún tì ní oṣù kejì ọdún 1916. Nínú oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà ló ṣí ilé ìfètòsọ́mọbíbí sí Brooklyn, ọjọ́ mélòó kan péré làwọn ọlọ́pàá sì fi gbà á láyè kí wọ́n tó wá tì í pa. Àárín ìgbà méjèèjì yìí ni fíìmù tí mò ń wí jáde, obìnrin ló sì ṣe é: Lois Weber, pẹ̀lú ọkọ ẹ̀ Phillips Smalley. Kí Weber tó dé ìdí fíìmù, ó ti fìgbà kan rí jẹ́ ajíhìnrere, ó ń kọrin ìsìn kiri láàárín àwọn tálákà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí pé ìwàásù pọ̀ nínú fíìmù yìí.

Èmi ò fẹ́ dá a wò. Mo ké sí Ìyá Aláṣọ tó ń tajà ní Gbági tuntun, tó jẹ́ pé ilé ẹ̀ àti tiwa jọ fara ti ara wọn ni. Bàbá Akọ̀wé tó ń gbé bọ́ìsì kúọ́tà náà bọ́ síta, akọ̀wé kóòtù ni wọ́n ní ayé àná, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí wọn ò ní í bá ẹ wá òfin ẹ̀. Màmá Ọ̀jẹ́, àǹtí bàbá ọkọ mi, ti jókòó sórí àga wọn kí n tó pè wọ́n. Dàpọ̀ ọmọ ọmọ mi ló so fóònù mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Màmá ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n fún ìgbà àkọ́kọ́, àwa àti Màmá jọ dọ́gba nídìí fíìmù òyìnbó: kò sẹ́ni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì kankan nínú ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n máa ń kọ sí ojú dúdú láàárín àwòrán, èmi á kà á, màá sọ ọ́ fún wọn ní Yorùbá, a ó tún máa wò lọ.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo kà ni ìkìlọ̀. Ilé iṣẹ́ Universal tó gbé fíìmù jáde ní ọ̀rọ̀ ìfètòsọ́mọbíbí kì í ṣe ohun tó yẹ kí á gbé síwájú ọmọdé, kí ọmọdé má ṣe dá wọlé láìsí àgbàlagbà pẹ̀lú wọn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá mú wọn wá, yóò ṣe wọ́n láǹfààní tí kò kéré. Màmá ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Wọ́n ní, "Àwọn wọ̀nyí fẹ́ gba owó ìwọlé ọmọdé náà ni." Dàpọ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ò kúrò níbi tó jókòó sí.

Ọ̀run ni fíìmù ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnubodè ńlá kan ṣí, ìkùukùu ń rú, àwọn ọmọ kéékèèké oníyẹ̀ẹ́ pọ̀ lọ súà, wọ́n ń dúró de ẹni tí yóò bí wọn. Kí n tó túmọ̀ ohunkóhun ni Màmá ti dáhùn: "Ẹgbẹ́ ọ̀run nìyẹn." Kò sí àlàyé tó tún kù. Ẹ̀yin tí ẹ bá wo fíìmù yìí láìmọ ẹgbẹ́ ọ̀run, ẹ lè máa rò pé àwàdà ni wọ́n ń ṣe. Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ tí a gbọ́ láti kékeré ni: ọmọ tó wà lọ́hùn-ún, tó ń bọ̀, tó tún lè yí padà.

Àmọ́ ìdí ẹnubodè yẹn náà ni inú ti kọ́kọ́ bí mi. Wọ́n pín àwọn ọmọ náà sí ọ̀nà mẹ́ta. Ọ̀wọ́ kìíní làwọn tó kàn bọ́ sáyé láìròtẹ́lẹ̀, àwọn ló pọ̀ jù. Ọ̀wọ́ kejì làwọn tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́, tí wọ́n ń dá padà ṣáá, fíìmù sì sọ pé àmì àbùkù wà lára tàbí nínú ìwà wọn. Ọ̀wọ́ kẹta làwọn tó dára, tó lágbára, tó jẹ́ pé àdúrà ni wọ́n fi ń bẹ̀ wọ́n wá. Mo dá fíìmù dúró. Mo gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá tó fẹ́ ẹ àti ìyá tí kò fẹ́ ẹ, ní òru àti ní ọ̀sán, kò sí èyí tó ti ọ̀run gbé òǹtẹ̀ bọ̀. Tí o bá nu ojú wọn tán, tí o gbé wọn sórí òṣùwọ̀n, igbe kan náà ni wọ́n ń ké. Ìyá Aláṣọ ní, "Nọ́ọ̀sì, jẹ́ ká wòran, jàre."

Ìtàn náà rèé. Richard Walton jẹ́ agbẹjọ́rò ìjọba, òun ló máa ń dúró fún ìjọba tí wọ́n bá gbé ọ̀daràn wá sí kóòtù. Tyrone Power ló ṣe é, bàbá Tyrone Power tó wá gbajúmọ̀ nídìí fíìmù lẹ́yìn náà. Helen Riaume, ìyàwó tó fẹ́ nílé, ló sì ṣe ìyàwó ẹ̀ nínú fíìmù. Walton fẹ́ràn ọmọ bí ojú. Tó bá rí ọmọ aládùúgbò, á gbé e. Àbúrò ẹ̀ obìnrin bímọ, ẹ ó rí bí ọkùnrin náà ṣe ń wo ìkókó ọ̀hún. Ìyàwó ẹ̀ ní tiẹ̀ ń jayé, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ olówó, wọ́n ń ti òde kan bọ́ sí òmíràn. Walton rò pé Ọlọ́run ò tíì dáhùn ni. Kò mọ̀ pé ìyàwó òun ń lọ sọ́dọ̀ Dókítà Malfit, tó ń bá a ṣẹ́ oyún ọ̀hún.

Ibí yìí ni Màmá ti béèrè ìbéèrè tí gbogbo ilé fi ń rẹ́rìn-ín títí ọjọ́ kejì. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ìyá ọkọ dà?"

Mo ní, "Màmá, mi ò rí i nínú fíìmù."

"Ọkùnrin gbéyàwó, ọdún ń gorí ọdún, ikùn ò yọ, ìyá ẹ̀ ò sì wá jókòó sí pálọ̀ yìí kó béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀? Àwọn àbúrò ọkọ ńkọ́? Irọ́ ni fíìmù yìí."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Nílẹ̀ yìí, kí oṣù kẹta tó pé, wọ́n á ti máa wo ọrùn ẹ, wọ́n á máa wo bí o ṣe ń jẹun. Ọ̀rọ̀ tí Walton gbé fún ọjọ́ gbọọrọ láìbi ẹnikẹ́ni, ìyá Ìbàdàn kan á ti tú u wò kí oúnjẹ ìyàwó tó tán nínú ìkòkò. Mi ò sọ pé ìyẹn sàn jù o. Mo ti rí obìnrin tí ẹ̀rù ìyá ọkọ gbé dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú oyún tí kò sí nínú ẹ̀ rárá, tó ti fi aṣọ di ikùn.

Ohun tí Lois Weber ṣe láti fi hàn pé obìnrin lóyún dùn mọ́ mi ju gbogbo ìyókù lọ. Wọn ò gbọdọ̀ sọ ọ́, wọn ò sì gbọdọ̀ fi ikùn hàn. Ẹ wò ó dáadáa: obìnrin á wà lórí ìjókòó, ojú ẹ̀ á yí padà díẹ̀, ni ojú ọmọ kékeré kan á bá yọ wáíwáí lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká ẹ̀, bíi pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀ sí i létí. Àwòrán méjì ni wọ́n yà lé ara wọn: wọ́n ya obìnrin náà, wọ́n dá fíìmù padà sẹ́yìn nínú ẹ̀rọ, wọ́n tún ya ọmọ lé e lórí. Tí oyún bá ti kúrò, a ó padà sí ẹnubodè ọ̀run, a ó rí ọmọ náà tó ń wọlé padà, àkọlé á sì fi ìyàwó náà ṣe yẹ̀yẹ́ pé ara ẹ̀ ti yá fún àríyá. Ìgbà tí ojú ọmọ yẹn yọ lẹ́ẹ̀kejì, mi ò ní láti túmọ̀ mọ́. Màmá ló ń sọ fún wa. "Ó ti ní in. Ẹ wo ọrùn ẹ̀."

Lẹ́yìn náà ni Lillian wọlé. Ọmọ obìnrin tó ń tọ́jú ilé Walton ni, ọmọ tálákà. Àbúrò ìyàwó Walton, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Roger, wá kí ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ó rí ọmọge, ó tan án, oyún dé. Roger sáré tọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lọ, ẹ̀gbọ́n sì mọ ilé Malfit bí ẹni mọwó. Wọ́n gbé ọmọbìnrin náà lọ. Iṣẹ́ bà jẹ́ mọ́ dókítà lọ́wọ́, ó kó o sínú mọ́tò, ó ní kí wọ́n gbé e lọ sílé. Ó délé, ó ṣubú, ó kú mọ́ ìyá ẹ̀ lọ́wọ́.

Pálọ̀ dákẹ́. Èmi ń wo ìyá Lillian. Kì í ṣe pé ó ń ṣeré ju ẹni tó kù lọ, ìyá yẹn ni mo mọ̀. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà. Ilé ìwòsàn tí mo ti ṣiṣẹ́ kò ṣe pàtàkì, ẹ jẹ́ ká fi orúkọ ẹ̀ sílẹ̀. Òru ni wọ́n sábà máa ń gbé wọn dé, ọ̀kadà tàbí Míkírà, ìyá á di ọmọ mú láti ẹ̀yìn, ìró ló máa ń wà nídìí ọmọ náà, ìró méjì nígbà mìíràn, torí ẹ̀jẹ̀. Ara á gbóná bí iná. Ìyá á ní, "Inú ló ń run ún." Tí o bá sún mọ́ ọn, òórùn á sọ èyí tó kù fún ẹ. Àwọn kan ti mu kánún, àwọn mìíràn ti mu búlúù ìfọṣọ, ẹlòmíì ti lọ sẹ́yìn ilé ẹnì kan tó ní òun mọ̀ ọ́n ṣe. Ká fi dìríìpù sí i, ká fún un lóògùn apakòkòrò, abẹ́rẹ́ akọ ipá, ká gbé e wọ tíátà kí dókítà kó ohun tó ṣẹ́ kù nínú ilé ọmọ jáde. Púpọ̀ wọn yè. Lillian ò lè yè láé, torí 1928 ni wọ́n tó rí pẹnisílíìnì, ìgbà ogun Hitler ló sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọ̀dọ̀ àwọn aláìsàn. Ní 1916, tí kòkòrò bá ti wọ ilé ọmọ, tó gba inú ẹ̀jẹ̀, àdúrà ló kù.

Ìwé ńlá kan wà ní wọ́ọ̀dù wa, ìwé aláwọ̀ búlúù elétí líle, inú ẹ̀ la máa ń kọ ẹni tó bá wọlé sí. Orúkọ, ọjọ́ orí, àdírẹ́sì, orúkọ ọkọ, ohun tó ṣe é. Fún irú àwọn ọmọ wọ̀nyí, ohun kan náà la máa ń kọ sí ibi "ohun tó ṣe é" gẹ́gẹ́ bíi ti obìnrin tí oyún fúnra ẹ̀ bà jẹ́ lára ẹ̀. Iṣẹ́ dókítà ò yàtọ̀ fún àwọn méjèèjì, ààbò sì ni fún ọmọ náà. Sísítà wa àgbà á bi í: ta ló ṣe é fún ẹ? Wọ́n á bi í títí tí á fi máa sunkún. Ní ibi "orúkọ ọkọ", ìlà kékeré kan la máa ń fà síbẹ̀. Èmi náà fa ìlà yẹn. Kò sí ẹni tó bi í pé ta ló fún ẹ lóyún. Kò sí àyè ẹ̀ nínú ìwé.

Fíìmù náà ní ìwé tiẹ̀. Wọ́n mú Malfit, Walton ni ìjọba gbé ẹjọ́ lé lọ́wọ́, wọ́n sì rán dókítà náà lẹ́wọ̀n ọdún 15 pẹ̀lú iṣẹ́ àṣekára. Inú bí dókítà, ó ní kí agbẹjọ́rò lọ wo ilé ara ẹ̀ ná kó tó máa dá ẹlòmíì lẹ́jọ́. Ìwé tí Malfit ń kọ orúkọ àwọn oníbàárà ẹ̀ sí ni Walton ṣí. Ojú ẹ̀ ń rìn lórí ìwé náà, orúkọ obìnrin olówó kan tẹ̀ lé òmíràn, títí ó fi kan orúkọ ìyàwó ẹ̀. Ó tún rí i níbòmíì. Ó lọ sílé, ó bá ìyàwó ẹ̀ àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń jẹ tí wọ́n ń mu, ó lé àwọn ọ̀rẹ́ jáde, ó ní ẹjọ́ ìpànìyàn ló yẹ kí òun pè wọ́n. Ó wá yíjú sí ìyàwó, ó béèrè ìbéèrè tó wà lórí fíìmù.

Ẹnu Ìyá Aláṣọ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. "Roger ńkọ́?"

Bàbá Akọ̀wé ní Walton ti lé e kúrò nílé.

"Wọ́n lé e! Ọmọ ọlọ́mọ kú, dókítà lọ ẹ̀wọ̀n, ìyàwó gba èébú, wọ́n wá ní kí Roger máa lọ sílé. Ilé wo ló ń lọ? Ilé bàbá ẹ̀ náà ni!"

Bàbá Akọ̀wé tún jókòó dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ wọ́n, ẹ mọ̀ pé tí wọ́n bá ti bọ́ awò ojú wọn báyìí, òfin ló kàn. Wọ́n ní ṣé a mọ̀ pé Criminal Code tí àwọn òyìnbó gbé kalẹ̀ fún wa, èyí tí òfin ìwà ọ̀daràn ìhà Gúúsù ṣì dúró lé títí dòní, ọdún 1916 náà ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọdún tí fíìmù yìí jáde gan-an! Abala 228: ẹni tó bá ṣe ohunkóhun láti ṣẹ́ oyún fún obìnrin, ẹ̀wọ̀n ọdún 14. Abala 229: obìnrin tó bá ṣe é fún ara ẹ̀ tàbí tó gbà kí wọ́n ṣe é fún òun, ọdún 7. Abala 230: ẹni tó bá ta oògùn tàbí irinṣẹ́ tó mọ̀ pé wọ́n fẹ́ fi ṣe é, ọdún 3. Abala 297 ló fi àyè kékeré sílẹ̀ fún oníṣẹ́ abẹ tó bá fi ọkàn rere àti ọgbọ́n ṣiṣẹ́ láti gba ẹ̀mí ìyá là. Mo ní kí wọ́n tún nọ́ńbà wọ̀nyẹn pè, mo kọ wọ́n sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi wé ti Malfit, ọdún kan ni ìjọba fíìmù fi le ju tiwa lọ.

Ìyá Aláṣọ ní, "Abala èwo ni ti Roger?"

Bàbá Akọ̀wé ní bí wọ́n bá lè fi hàn pé ó bá wọn lọ́wọ́ nínú oyún ṣíṣẹ́ náà, òfin lè mú un gẹ́gẹ́ bí alábàápín. "Ṣùgbọ́n fún oyún fífúnni," wọ́n ní, "tí ọmọbìnrin bá ti dàgbà, tí kì í ṣe pé ó fipá bá a lò, òfin ò rí i."

Ìyá Aláṣọ kàn ń wo Dàpọ̀. Ojú tó fi wò ó yẹn, ọmọ náà dìde, ó ní òun fẹ́ lọ mu omi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí èmi dúró, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé mò ń yí i ká. Mi ò ṣẹ́ oyún fún ẹnikẹ́ni rí, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni tó ṣẹ́ ẹ jà rí nígbà tó wà lórí ibùsùn. Ohun tó ń dùn mí nínú fíìmù yìí ni pé ẹnìkan ṣoṣo ni wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, wọn ò sì dúró gbọ́ ìdáhùn. Wákàtí kan àti díẹ̀ ni fíìmù, kò sí àkọlé kan tí ìyàwó Walton ti sọ ìdí tó fi ṣe ohun tó ṣe. Ṣé ẹ̀rù ìrọbí ń bà á? Ṣé ó ti rí ẹni tó kú lórí ìkúnlẹ̀? Obìnrin olówó ni, nítorí náà adùn ayé ló ń wá: ó parí. Walton fúnra ẹ̀, tó fẹ́ràn ọmọ báyẹn, kò jókòó bi ìyàwó ẹ̀ ní ìbéèrè kankan títí ó fi ka orúkọ ẹ̀ nínú ìwé Malfit.

Ẹjọ́ kan wà níbẹ̀rẹ̀ fíìmù tí mi ò tíì sọ, òun ló sì jẹ́ kí inú mi rọ̀ sí Weber díẹ̀. Wọ́n gbé dókítà kan, Homer, wá sí kóòtù torí pé ó kọ ìwé nípa bí àwọn aráàlú ṣe lè fètò sí ọmọ bíbí. Ó rò fún adájọ́ ohun tójú ẹ̀ rí láàárín àwọn tálákà, a sì rí i: yàrá kan, ọmọ rẹpẹtẹ, àìsàn, tọkọtaya tó ń jà. Àwọn ọkùnrin ni wọ́n kó jọ láti dá ẹjọ́ náà, wọ́n sì dá a lẹ́bi. Nínú fíìmù kan náà, wọ́n ní kí tálákà rí ìmọ̀ gbà kó lè dín ọmọ kù, wọ́n wá ń bá olówó jà pé kò bímọ. Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ yìí ni àmì àbùkù ẹnubodè ọ̀run ti wá. Láyé ìgbà yẹn, àwọn ọ̀mọ̀wé wọn ń wàásù pé kí á ṣa ẹni tó yẹ kó bímọ lẹ́ṣà. Sanger nọ́ọ̀sì mi náà bá wọn dá sí i. Ẹ̀kọ́ burúkú ni, ẹ̀kọ́ tó ba ayé ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́. Ìgbà tí mo bá wọn sọ̀rọ̀ ní ìjọ, mi ò mẹ́nu kan fíìmù yìí torí ẹ̀. Abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́ta, ti apá, lúùpù: olówó tó bá fẹ́ ẹ, tálákà tó bá fẹ́ ẹ, ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ kó máa lọ ní àlàáfíà.

Màmá dá sí èyí. Wọ́n ní kí ni a ń pè ní tuntun níbẹ̀. Láyé wọn, obìnrin tó ń fọ́mọ lọ́mú kì í padà sórí ẹní ọkọ títí ọmọ á fi já lẹ́nu ọmú, ọdún méjì, ọdún mẹ́ta. Ẹni tó bá lóyún lé ọmọ ọwọ́, orin ni wọ́n á fi bú u lójú ọjà. Òrùka náà wà, ìgbàdí wà. Bàbá Akọ̀wé bi wọ́n pé ṣé òrùka ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní, "Ọkọ tó bá bẹ̀rù òrùka, ó ń ṣiṣẹ́ fún un." Kò sì sẹ́ni tó rí ọ̀rọ̀ gbà mọ́ Màmá lẹ́nu mọ́.

Òpin fíìmù pẹ́ díẹ̀ lójú mi. Ìyàwó fẹ́ bímọ báyìí, kò rí i bí. Àkọlé sọ pé nítorí ohun tó ti ṣe sí ara ẹ̀ ni. Màmá ní ẹ̀san ni. Mo ní rárá, àpá ni: kòkòrò tó bá wọ ilé ọmọ lè dí ọ̀nà tí ẹyin ń gbà kọjá, ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ṣẹ́yún, ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí kò ṣẹ́ ẹ rí láyé ẹ̀, tó kàn gba àtọ̀sí lára ọkọ ẹ̀. Mo ti rí ọ̀pọ̀ obìnrin tí wọ́n fi ẹ̀sùn yìí kàn nílé ọkọ, tó jẹ́ pé ọkọ gan-an ló yẹ ká yẹ̀ wò. Bàbá Akọ̀wé wúkọ́ níbẹ̀. Tọkọtaya náà jókòó ti iná, ọdún ń kọjá, irun ń funfun, àwọn ọmọ tí wọn ò bí yọ wáíwáí bí i ti àtijọ́, wọ́n ń gun bàbá wọn lórí. Ìyá Aláṣọ sunkún. Èmi ò sunkún. Lillian ni mo ń wá láàárín wọn, òun àti ọmọ tiẹ̀, wọn ò sì sí níbẹ̀.

Fíìmù yìí pa owó gọbọi fún Universal. Ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ibi tí wọ́n gbé bí Lois Weber lọ́dún 1879, fi òfin dè é pátápátá pé kò gbọdọ̀ hàn níbẹ̀. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà ti sọ lọ́dún tó ṣáájú, 1915, pé òwò lásán ni fíìmù, kò ní irú òmìnira tí ìwé ìròyìn ní, nítorí náà ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lágbára láti gé e tàbí tì í. Ní 1993 ni wọ́n wá kọ orúkọ ẹ̀ mọ́ àwọn fíìmù tí orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà fẹ́ tọ́jú títí ayé. Weber fúnra ẹ̀ kú ní 1939, àwọn èèyàn ti ń gbàgbé ẹ̀ nígbà yẹn.

Lọ́dún 1917 ó ṣe òmíràn, The Hand That Rocks the Cradle, lórí ìfètòsọ́mọbíbí nìkan, láìsí oyún ṣíṣẹ́. Òun fúnra ẹ̀ ló ṣe ìyàwó nínú ẹ̀, ọkọ ẹ̀ ló ṣe dókítà. Fíìmù yẹn ti sọnù, kò sí ẹ̀dà kankan tí ẹnikẹ́ni mọ̀. Èyí tí a wò, tí ẹ bá wá orúkọ ẹ̀ lórí YouTube, ẹ ó rí i, kò sówó kankan níbẹ̀. Tí ẹ bá ní ìyá àgbà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílé, ẹ pè wọ́n, ẹ máa ka àkọlé fún wọn, ẹ má sì fi àyè díẹ̀ láàárín àkọlé ṣòfò, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa sọ̀rọ̀. Màmá ti ní kí n wá èyí tí kò sọ̀rọ̀ mìíràn, àmọ́ kí ìyá ọkọ wà nínú ẹ̀. Mò ń wá a. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó kọ orúkọ ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.